Kò Sí Ìpẹtà Láìnídìí: Ìkéde Àwa Tí Ń Kun Táǹkì Ogun Oníke

Àwa tí ń to táǹkì ogun oníke, tí ń fi pọ́tì rẹ́ ara wọn, tí ń fi ọ̀dà sọ ike àná di irin tó ti rógun, a ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó tó gẹ́ẹ́ fún ìpẹtà tí kò nídìí. Ó tó gẹ́ẹ́ fún ẹrẹ̀ tí a kàn dà sórí ọkọ̀ nítorí pé ó ṣẹ́kù nínú ìgò. Ó tó gẹ́ẹ́ fún táǹkì tó kúrò ní ilé iṣẹ́ ní oṣù méjì péré, tí a wá kùn bí ẹni pé ó ti lo ogún ọdún nínú òjò.

Ìgbàgbọ́ wa kò pọ̀. Kò sí àmì tó yẹ kó wà lára táǹkì bí ẹni tó fi í síbẹ̀ kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta: kí ló fà á, níbo ló ti ṣẹlẹ̀, ìgbà wo ni? Bí ìdáhùn bá wà, kùn ún, kódà bó rí wúruwùru. Bí kò bá sí, ká ọwọ́ rẹ kò. Gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí, inú èyí ló ti jáde.

A kò bá àwọn tó ṣáájú wa jà o. François Verlinden, ará Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ọ̀dà dúdú tó ṣàn, tí a jẹ́ kó wọ kọ̀rọ̀ lọ, àti búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tí a fi ń ra etí irin, lè mú kí ike jọ irin gidi lójú. Shep Paine ní Amẹ́ríkà fi hàn wá pé ilẹ̀ tí táǹkì dúró lé àti sójà tó fẹ̀yìn tì í ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Àwọn ará Sípéènì dé pẹ̀lú tiwọn: kí òkè pátákó irin kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣú, kí ojú lè rí ìrísí ọkọ̀ náà láti òkèèrè. Gbogbo rẹ̀ la ń lò. Ohun tí a kọ̀ ni kí ọgbọ́n ọwọ́ di ọ̀gá lé olówó rẹ̀ lórí. Ẹ wo orí tábìlì ìdíje: táǹkì ti Rọ́ṣíà, ti Jámánì, ti Amẹ́ríkà, aṣálẹ̀ o, yìnyín o, ìpẹtà kan náà ló wà lára wọn, ní etí kan náà, ní àwọ̀ ọsàn kan náà. Wọ́n ti kúrò ní táǹkì, wọ́n ti di ìpolówó ọjà inú ìgò.

Ibi tí ariwo pọ̀ sí jù ni ká ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn Zimmerit.

Ní ìparí ọdún 1942, àwọn ọmọ ogun Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ǹbù kan tí wọ́n ń pè ní Hafthohlladung. Òòfà mẹ́ta ló wà ní ìdí rẹ̀, ó wúwo tó bíi kílò 3. Sójà yóò sáré dé ìdí táǹkì, yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin, yóò sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tó yá ni ohun tí wọ́n ṣe wá ń dẹ́rù bà wọ́n: bí àwa bá ní irú èyí, kí ni yóò dí ọ̀tá lọ́wọ́ kó má ní tirẹ̀? Ni ilé iṣẹ́ Zimmer ní Berlin bá po Zimmerit, ìrẹ́ kan tí wọ́n ń rẹ́ mọ́ ara táǹkì kí òòfà má lè dé ibi tí irin wà. Ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni barium sulphate, bí ìdá 40 nínú 100. Lẹ́yìn èyí ni polyvinyl acetate, ohun kan náà tó wà nínú gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà wa. Amọ̀ aláwọ̀ ìyeyè, zinc sulphide àti iyẹ̀ igi tí ayùn ń dà sílẹ̀ ló kún ìyókù. Láti ìdajì kejì ọdún 1943 ni wọ́n ti ń rẹ́ ẹ mọ́ àwọn ọkọ̀ ogun wọn: mọ́ Tiger, mọ́ Panther, mọ́ StuG. Ọ̀tá tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe wàhálà yìí kò sì fi bẹ́ẹ̀ lo bọ́ǹbù olóòfà. Àwọn fúnra wọn ló bí ìbẹ̀rù náà, àwọn náà ló tún rán aṣọ fún un.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, àṣẹ jáde pé kí ilé iṣẹ́ má rẹ́ ẹ mọ́. Àhesọ ti gbòde pé bí ọta bá ba Zimmerit, yóò gbiná. Wọ́n dán an wò, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò dá a padà. Ìrẹ́ náà ń jẹ àkókò, ogun sì ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Nítorí náà, kàlẹ́ńdà ṣáájú pọ́tì. Tiger 131 tó wà ní Bovington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kẹrin ọdún 1943 ni wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Tùníṣíà. Kò ní Zimmerit, kò sì lè ní. Ẹni tó bá rẹ́ ẹ mọ́ Tiger 131 ti mú ọkọ̀ náà lọ sí oṣù tí kò dé lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Tiger tó jà ní Kursk, ní Rọ́ṣíà, ní oṣù Keje ọdún náà, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ dán. Ferdinand, ọkọ̀ ogun Jámánì mìíràn, ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere jù: ní Kursk, irin gbalasa ni. Nígbà tí wọ́n kó àwọn tó kù padà, tí wọ́n tún wọn ṣe, tí wọ́n sọ wọ́n ní Elefant, tí díẹ̀ nínú wọn sì lọ jà ní Ítálì ní 1944, wọ́n ti rẹ́ wọn. Ọkọ̀ kan náà ni, kò tó ọdún kan láàárín méjèèjì, awọ sì ti yàtọ̀. Lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án 1944 ńkọ́? Táǹkì tuntun ń jáde láìní in, ti tẹ́lẹ̀ kò sì bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà méjèèjì lè tò tẹ̀lé ara wọn ní ojú ọ̀nà kan náà. Fọ́tò nìkan ló lè parí irú ẹjọ́ yẹn.

Èyí tó kàn yìí, ọmọ Yorùbá kò yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ ọ. Láyé àtijọ́, abàjà àti pélé ń sọ ìlú àti ìdílé ẹni kí onítọ̀hún tó lanu. Ìlà ara Zimmerit náà ń sọ ilé iṣẹ́. Ti Alkett ní Berlin lórí StuG III, igun mẹ́rin-mẹ́rin ni, tí poro pín wọn sí wẹ́wẹ́. Ti Henschel ní Kassel lórí Tiger, ìlà kéékèèké tó dùbúlẹ̀ ni, ọ̀kan lórí èkejì, tí gígùn wọn kò dọ́gba. Panther ti MAN, ti Daimler-Benz, ti MNH, olúkúlùkù ló ní ọwọ́ tirẹ̀. Kí ènìyàn kọ ilà Ọ̀yọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ará Oǹdó, kó tún wá ní kí ará ilé má bínú, ṣé ó ṣeé gbọ́ sétí?

Ọwọ́ ènìyàn ló sì fà á. Nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí, àwọn tí wọ́n fi ipá kó wá láti ilẹ̀ òkèèrè wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ìrẹ́ tó dọ́gba ṣinṣin láti etí dé etí kò jọ ohun tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Wọ́n á rẹ́ ìpele kìíní, wọ́n á fi etí irin ìrẹ́lé pín in sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ. Ìpele kejì fẹ́lẹ́ jù ú lọ, òun ni wọ́n ń fi irin eléyín fà ní ìlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi iná tó ń jó fòò ra á kó lè le kíákíá. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, bíi milimítà 5 ni.

Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀. Táǹkì wa jẹ́ ìdá kan nínú márùndínlógójì táǹkì gidi. Ẹ pín milimítà 5 sí ọ̀nà 35, 0.14 ni yóò kù, ìyẹn ewé bébà ìtẹ̀wé kan àti díẹ̀ lé. Ẹni tí ìrẹ́ tirẹ̀ nípọn tó ìdajì milimítà, táǹkì rẹ̀ ti ru ohun tó lé ní milimítà 17. Ẹ̀rọ wo ló fẹ́ gbé e? (Ìwọ̀n 1/35 yìí fúnra rẹ̀ kò ti inú ọgbọ́n àwọn onímọ̀ ìṣirò kankan wá. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní Shizuoka, ní Jàpáànù, ló ṣe Panther oníke kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó kí mọ́tò àti bátìrì lè wọ inú rẹ̀. Bátìrì ló bá wa yan ìwọ̀n, a sì ti gbà bẹ́ẹ̀.)

Bí a ti ń ṣe tiwa nìyí o. Pọ́tì alápá méjì ni a ń lò. A ó pò ó ní ìwọ̀n kan náà títí àwọ̀ méjèèjì yóò fi di ọ̀kan. A ó bu páódà sórí tábìlì, a ó fi ìgò roboto yí pọ́tì náà títí yóò fi fẹ́lẹ́ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rí tábìlì gba inú rẹ̀. A ó fi omi ra àtàǹpàkò, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara táǹkì láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó dúró. Ibi ìdúró yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Bí pọ́tì bá ṣì rọ̀, irin yóò wọ́ ọ kúrò lódidi; bó bá ti le jù, kò ní í gba ìlà. Nígbà tí èékánná bá lè kọ ọ́ láìlẹ̀ mọ́ ọn, a ó ti ẹnu sikúrù-dírábà pẹlẹbẹ tó kéré jù lọ bọ omi, a ó sì máa tẹ̀ ẹ́ ní ẹsẹẹsẹ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kí ọwọ́ má yára, kó má sì fara balẹ̀ jù, nítorí òṣìṣẹ́ Kassel náà ní Tiger mìíràn tó ń dúró dè é. Ìdí hùkù, abẹ́ ibi tí wọ́n so ṣọ́bìrì mọ́, kọ̀rọ̀ tí irin méjì ti pàdé, ọwọ́ tiwọn kì í dé ibẹ̀ dáadáa. Kí tiwa náà má dé ibẹ̀.

Pẹlẹbẹ idẹ tí wọ́n ti kọ ìlà sí lára, ti résìn, tàbí ike tó ti ilé iṣẹ́ dé pẹ̀lú Zimmerit tirẹ̀, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àyè kò gba gbogbo wa bákan náà. Kó ṣáà ti fi abẹ ba ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́ níbì kan.

Zimmerit kì í gbó díẹ̀díẹ̀, jíjá ló máa ń já. Yóò re lódidi níbi tí ọta ti bà á, yóò sì ré lẹ́bàá etí níbi tí táǹkì ti ha ara mọ́ ògiri ilé ní abúlé tóóró kan ní Normandy. Bó bá ti já, kì í ṣe irin dídán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ pupa ni ojú yóò rí, àti etí ìrẹ́ náà tó mú àwọ̀ ìyeyè. Fàdákà tí àwọn kan ń kùn síbẹ̀ yẹn, ta ló bá wọn fi sáńpépà fá irin náà láàárín ogun? Wọn kì í sì í sábà rẹ́ ẹ mọ́ àwọn àwo irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, nítorí náà ẹni tó bá rẹ́ ẹ síbẹ̀ kó mú fọ́tò rẹ̀ dání.

Lórí àwọ̀, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1943, àṣẹ jáde pé kí gbogbo ọkọ̀ máa ti ilé iṣẹ́ jáde ní àwọ̀ ìyeyè ṣíṣú tí wọ́n ń pè ní Dunkelgelb, kí àwọn sójà fúnra wọn máa fi àwọ̀ ewé àti pupa rúsúrúsú lé e. Ọ̀dà tí wọ́n fún wọn, kíkì ló wà nínú agolo. Omi ni wọ́n fi ń là á, tàbí bẹntiróòlù, èyí tó bá wà nítòsí. Ọ̀kan á ki, ọ̀kan á ṣàn bí omi. Ẹ wá sọ fún wa pé ìgò kan ṣoṣo ló ní Dunkelgelb tòótọ́! Ìjà àwọ̀, a kò dá sí i. Ẹni tó bá fẹ́ jà á, ìta fẹ̀.

Ìpẹtà ni a bá lẹ́jọ́ gan-an. Irin táǹkì nípọn, ọ̀dà bò ó, ogun kì í sì í jẹ́ kó dàgbà. Tiger 1,347 ni wọ́n ṣe láàárín ọdún 1942 sí oṣù Kẹjọ ọdún 1944, oṣù la sì fi ń ka ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú ogun. Èyí tí ọta kò pa, epo tán nínú rẹ̀, tàbí ẹ̀rọ rẹ̀ dákú, àwọn tó ń wà á a sì fi ọwọ́ ara wọn fọ́ ọ kí ó má bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ìgbà wo ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ráyè dípẹtà? Sàlẹ́ńsà rẹ̀ lè dípẹtà, nítorí ooru ti jó ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ lè mú àwọ̀ rúsúrúsú lóru ọjọ́ kan tí òjò bá rọ̀, ṣùgbọ́n ibi tó ń tẹ ilẹ̀ yóò máa dán, òkúta ti fọ̀ ọ́. Táǹkì tó jóná nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí àwọ̀ ọsàn láti òkè dé ilẹ̀. Iná ti bọ́ ọ sí ìhòòhò, irin rẹ̀ kò ní ohun kan tí yóò dí ìrì lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ìpẹtà púpọ̀, kó kùn táǹkì tó jóná, kí ó sì jẹ́ kí taya rọ́bà inú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jó tán pẹ̀lú.

Ohun tó kó wa sí wàhálà ìpẹtà yìí ni hairspray, irú èyí tí àwọn onídìrí ń fín sí irun kó lè dúró. Fín ọ̀dà ìpìlẹ̀, jẹ́ kó gbẹ. Fín hairspray lé e. Fín ọ̀dà olómi sórí rẹ̀. Kó tó pẹ́ jù, mú búrọ́ọ̀ṣì tó tutù, kí o máa fi pa á. Omi yóò wọlé, hairspray yóò yòrò lábẹ́, ọ̀dà òkè yóò sì máa bọ́ ní wẹ́wẹ́ lójú rẹ. Ó dùn ún ṣe ju bó ti yẹ lọ. Búrọ́ọ̀ṣì á ní kí o ṣe díẹ̀ sí i, kí o tún ṣe díẹ̀ sí i, kí o tó gbójú sókè táǹkì ti di ẹran aládẹ́tẹ̀. Nítorí náà, a ní kí ẹnikẹ́ni má fi omi kàn án kí ó tó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí orí ìwé. Sójà márùn-ún ló ń wọ inú Tiger. Ibo ni wọ́n ń tẹ̀ gùn ún? Ibo ni ìdí bàtà wọn ń bà kí wọ́n tó wọ ihò orí rẹ̀? Àpótí wo ni wọ́n ń ṣí lójoojúmọ́? Ibẹ̀ ni kí ọ̀dà ti bọ́, kí ibi tí ẹsẹ̀ kò dé wà bó ṣe wà. Iṣẹ́ tó tọ́ sí hairspray jù lọ ni ọ̀dà funfun ìgbà òtútù, èyí tí wọ́n kùn kó lè bọ́ kúrò nígbà tí yìnyín bá yọ́.

Jámánì nìkan kọ́ ló ní awọ. Orí ọ̀pọ̀ T-34, táǹkì Rọ́ṣíà, dídà ni wọ́n dà á, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka, ojú ibi tí apá méjì ohun ìdàrin ti pàdé sì hàn ketekete. Pọ́tì olómi tí a fi búrọ́ọ̀ṣì líle gún ni a fi ń mú un jáde. Kó mọ sí orí rẹ̀ o! Ìsàlẹ̀ T-34, pátákó irin tí wọ́n jó pọ̀ ni, kò ní ohun kankan í fi ṣákaṣàka ṣe.

Ọkọ̀ inú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í sì í ṣe ẹlẹ́rìí ọ̀dà. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè lọ sí National War Museum ní Umuahia, kó fi ojú kan Red Devil, ọkọ̀ ogun tí àwọn ará Biafra fi ọwọ́ ara wọn kàn, kó wo bí ojú jíjó irin ṣe rí, bí pátákó irin tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ ṣe ń fà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n òjò tó ti rọ̀ lé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ogun ti parí, àti ọ̀dà tí wọ́n tún fi bò ó, ti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni. Ìrísí irin ni kó wò lọ, kó fi àwọ̀ sílẹ̀ fún fọ́tò ọjọ́ ogun.

A mọ ẹni tó ni àwọn Tiger yìí, a sì mọ ohun tí wọ́n ń jà fún. Ẹni tó bá ń fi àmì Hitler yangàn, kò sí ìjókòó fún un lọ́dọ̀ wa, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó. Ìtàn ìyà tí irin náà fi jẹ ènìyàn wà lára ohun tí ẹni tó ń kùn ún gbọ́dọ̀ mọ̀. A sì fẹ́ rí táǹkì àwọn tó dojú kọ wọ́n. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun 761st Tank Battalion, tí àwọn sójà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, wọ ogun ní Lorraine, ní Faransé, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1944. Ọ̀gbẹ́ni Ruben Rivers kú sójú ìjà níbẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù náà, ọdún 1997 ni ìjọba tó fi Medal of Honor dá a lọ́lá. Sherman, táǹkì tirẹ̀, kò nílò Zimmerit. Ẹrẹ̀ Lorraine nígbà òjò ló nílò: ẹrẹ̀ tútù tó ń dán ní ìsàlẹ̀, gbígbẹ tó ti funfun lókè, tó nípọn sẹ́yìn níbi tí ẹsẹ̀ onírin ń jù ú sí. Ta ni nínú wa tó ti kùn ún? Tiger ló kún orí tábìlì gbogbo. Ó yẹ kí ìyẹn yí padà.

Láti ìsinsìnyí lọ, táǹkì tí a bá gbé wá sí àárín wa yóò ní ìwé pélébé kan lábẹ́ rẹ̀. Kí olówó rẹ̀ kọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, oṣù tó jáde, ibi tó wà ní ọjọ́ tó fẹ́ ká rí, ojú ọjọ́ ọjọ́ náà, àti fọ́tò tó wò. Ìwé náà ni adájọ́ yóò kọ́kọ́ kà kó tó tẹjú mọ́ ọ̀dà. Bí nǹkan kan bá jẹ́ èrò olówó rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé èrò ni, a ó gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní fọ́tò kankan, kó fi Dunkelgelb rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde ní Kassel, kó bu eruku díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì máa gbé e bọ̀.